Pápá Tí Ó Wà Láàrin Ilé-Ìwé Méjèèjì

Àjọ̀dún dé, ẹnu gbogbo wa kún fún ọpẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé girama tí ó tọ́ wa dàgbà la ìgbà tí Ìjọ ń darí rẹ̀ já, ó la ìgbà tí ìjọba gba àwọn ilé-ìwé Ìjọ ní àwọn ọdún 1970 já, orúkọ rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọpẹ́ nìkan ni a máa ń mú wá sí àjọ̀dún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde a máa mú ẹ̀bùn wá pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà ni ó sì mú wa gbé kálámù. Ọ̀kan nínú àwọn àbá tí ó wà níwájú ẹgbẹ́ wa ní ọdún yìí ni pé kí a kọ́ gbọ̀ngàn àjọ̀dún sí orí pápá tí ó wà láàrin ilé-ìwé girama yìí àti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwa tí a pa ẹnu pọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, a sì jẹ́ òbí. Àwọn kan nínú wa ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Èrò wa ni pé kí a má ṣe kọ́ gbọ̀ngàn náà síbẹ̀, nítorí pé pápá yẹn nìkan ni kíláàsì tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní fún ẹ̀kọ́ ìdárayá, bí a bá sì gbà á lọ́wọ́ wọn, a kò ní lè dá a padà mọ́. Ilé tí a bá kọ́ tán, ta ni yóò wó o kí ọmọdé lè rí ibi sáré?

A kò bá gbọ̀ngàn jà. Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn ọmọ ṣe ń gbé tábìlì sá fún òjò ní àsìkò ìdánwò WAEC yóò mọ̀ pé ilé-ìwé nílò ibi tí ó fẹ̀, tí ó sì ní òrùlé tó dára. Gbọ̀ngàn a sì máa mú owó wọlé: ìgbéyàwó, ìsìn ìdúpẹ́, ìpàdé ẹgbẹ́. Ìdí tí àwọn tí ó mú àbá náà wá fi yan pápá kò ṣòro láti mọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó sún mọ́ títì, ọkọ̀ àwọn àlejò yóò sì rọrùn láti wọlé. Ilẹ̀ oko ilé-ìwé tí ó wà lẹ́yìn, èyí tí igbó ti bò, rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀ yóò gba òkúta àti sìmẹ́ǹtì ju ti orí pápá lọ. Òótọ́ ni èyí, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pamọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé àfikún owó yẹn ni a ó fi ra pápá náà padà fún àwọn ọmọ, a sì gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí a gbọ́ ní ìpàdé tí ó kọjá ni ó dùn wá. Ẹnì kan ní àwọn ọmọdé kan ń fi ibẹ̀ ṣeré lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ "lásán" yìí wò.

Ẹ mú kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ 40, ìṣẹ́jú 35. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rìn, kí wọ́n sáré díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n na apá àti ẹsẹ̀, kí ara wọn lè gbóná. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ wọn ní ohun kan ṣoṣo ní ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ fífò ni, yóò kọ́ wọn bí a ti ń balẹ̀: kí orúnkún tẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ pọ̀, kí ojú máa wo iwájú. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ bí a ti ń balẹ̀ ni ó máa ń fi ọwọ́ gún ilẹ̀ nígbà tí ó bá ṣubú, tí egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì lè ṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ jíju nǹkan àti híhán an ni, yóò kọ́ wọn láti máa wo bọ́ọ̀lù títí yóò fi wọ ọwọ́. Ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan, yíyí gbirigbiri lórí koríko, gbígbé ẹsẹ̀ bá ìlù mu, ètò wà fún gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ wà láàrin ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ni ara rẹ̀ máa ń tètè gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ nígbà náà, ojú a máa tì í láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹ̀gbẹ́ ni yóò sì máa jókòó sí títí di àgbà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú bí a ti ń pín àwọn ọmọ. Bọ́ọ̀lù kan fún ọmọ 40 kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìtò lásán ni. Bí wọ́n bá tò sí ìlà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù kí agogo tó lù. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, ọmọ márùn-ún márùn-ún. Yóò fi àkísà àti okùn wé bọ́ọ̀lù mẹ́jọ, yóò sì tò wọ́n káàkiri. Táyà ọkọ̀ tí ó ti gbó, àpò ìrẹsì, okùn, ọ̀pá oparun, ẹfun tí a fi ń sàmì sílẹ̀, kò sí èyí tí ó wọ́n ju ohun tí apá ilé-ìwé Ìjọ ká lọ. Àyè ni a kò lè fi àkísà wé. Ọ̀wọ́ mẹ́jọ kò lè sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì kì í gbà rárá kí a fi eré tí ẹni tí ó bá kùnà yóò jáde kọ́ àwọn ọmọdé. Ó ní ọmọ tí ó lọ́ra jù ni yóò kọ́kọ́ jáde, òun náà ni yóò sì jókòó pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni eré náà wúlò fún jù lọ. Ní tirẹ̀, ẹni tí ó bá kùnà yóò sáré yí igi máńgòrò ká lẹ́ẹ̀kan, yóò sì padà wọ eré. A rò pé ẹ̀kọ́ ìsìn pọ̀ nínú ìyẹn ju inú ìwàásù kan tí a ti gbọ́ lọ.

Pápá a sì máa fi ohun tí tábìlì bò mọ́lẹ̀ hàn. Lórí pápá ni olùkọ́ máa ń rí ọmọ tí kò gbọ́ fèrè títí àwọn yòókù yóò fi dúró. Etí ni, kì í ṣe orí kunkun. Níbẹ̀ ni ó máa ń rí ọmọ tí ó ń yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó lè rí bọ́ọ̀lù, èyí tí a ti nà lọ́pọ̀ ìgbà nínú kíláàsì pé kò kọ ohun tí ó wà lójú pátákó. Níbẹ̀ ni ó máa ń rí ọmọ tí èémí rẹ̀ ń tètè tán, tàbí èyí tí kò jẹun láàárọ̀. Ìyá lè má mọ̀, nítorí pé ọmọ kì í sáré nínú pálọ̀. Bí olùkọ́ bá kọ lẹ́tà kúkúrú ránṣẹ́ sílé lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè gba ojú ọmọ là.

Ẹ jẹ́ kí a ka iye. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2020, ní ọmọ tí ó wà láàrin ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́ ṣe ohun tí yóò mú èémí rẹ̀ yára, àti pé ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán láàrin ọ̀sẹ̀, kí ó ṣe èyí tí yóò mú iṣan àti egungun rẹ̀ le. Àpapọ̀ èyí jẹ́ ìṣẹ́jú 420 láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Bí ilé-ìwé bá ya àkókò méjì sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìdárayá, ìṣẹ́jú 35 lẹ́ẹ̀mejì, 70 ni, ìdá kan nínú mẹ́fà, a kò sì tíì yọ àkókò tí wọ́n fi ń pààrọ̀ aṣọ. Níbo ni ìdá márùn-ún yòókù yóò ti wá? Lórí pápá kan náà ni: nígbà ìsinmi, kí agogo òwúrọ̀ tó lù, àti lẹ́yìn ìwé. Nítorí náà, àwọn tí ó ń sọ pé a lè yá pápá ibòmíràn fún ọjọ́ ìdíje kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. A kì í yá pápá fún ìsinmi ìṣẹ́jú 20.

Àjọ kan náà ti fi hàn pé ní ọdún 2016, nínú gbogbo 100 ọmọ tí ó wà láàrin ọdún 11 sí 17 ní àgbáyé, 81 ni kò ṣe tó bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa lè rò pé ti àwọn òyìnbó nìyẹn, pé àwọn ọmọ tiwa ń rìn, wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tiwa. Ẹ wo ọmọ ìgboro lónìí. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni a jí i, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé gbé e, orí àga ni ó wà títí di aago méjì, ó tún wà lórí àga fún lẹ́sìnnì títí di aago mẹ́rin, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ mú un dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá ń dúró dè é, fóònù sì ń dúró dè é lẹ́yìn iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọgbà ilé wọn jẹ́ kọnkéré láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ yìí lè lo odindi ọ̀sẹ̀ láìsáré tó ìwọ̀n títì kan.

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Nínú àtúnṣe tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2014, wọ́n kó ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹ̀kọ́ ìdárayá di ohun tí a ń kọ sínú ìwé. Olùkọ́ yóò kọ oríṣiríṣi fífò sójú pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, ìdánwò yóò sì bi wọ́n pé kí wọ́n dárúkọ mẹ́ta. Ọmọ tí ó gba máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lórí fífò lè má tíì fò rí. Àtúnṣe tí ìjọba kéde ní ọdún 2025 ti dá a padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró, a sì yọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe pápá. Yóò jẹ́ ohun ìyanu bí ó bá jẹ́ pé ọdún tí ìjọba dá iṣẹ́ náà padà sínú ètò ni àwa, akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé Ìjọ, ń sáré láti kọ́lé lé ibi tí a ó ti ṣe é.

Ẹnì kan yóò sọ pé a kò ṣaláìní eré, ṣé a ń ṣe ìdíje láàrin àwọn ilé lọ́dọọdún? A ń ṣe é. A fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà nínú wa kò tíì gbàgbé Grier Cup àti Lady Manuwa Cup, tí gbogbo ilé-ìwé máa ń fi orúkọ ara wọn jẹ́ ohun àmúyangàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ti àwọn ọmọdé ti ń lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì. Àwọn òbí yóò rán aṣọ pupa, aṣọ búlúù, aṣọ àwọ̀ ewé. Ọmọ mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ wọn yá ni yóò sáré gbogbo eré. Àwọn yòókù yóò yan ní máàṣì, wọn yóò jókòó sábẹ́ àgọ́, wọn yóò pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ kejì, a ti ká gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí di ọdún tí ń bọ̀. Ìdíje dára láti fi ohun tí a ti kọ́ hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí a kò kọ́ ohunkóhun, kí ni à ń fi hàn?

Bẹ́ẹ̀ ni a kò torí kí a lè bí olúborí ṣe ń jà fún pápá. Inú wa dùn pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Tóbi Amùsàn, sáré àfòkọjá 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Oregon ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje ọdún 2022, tí ayé kò tíì rí irú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Inú wa dùn pé Emmanuel Ifeajuna, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé girama CMS ní Onitsha, fò gba góòlù ní Vancouver ní ọdún 1954, nígbà tí aláwọ̀ dúdú kankan láti Áfíríkà kò tíì gba irú rẹ̀ rí nínú eré àgbáyé. Ó fò ó tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọmọ kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni yóò dé ibẹ̀. Nítorí àwọn yòókù ni a ṣe ń sọ̀rọ̀: èyí tí yóò di nọ́ọ̀sì, tí yóò dúró lórí ẹsẹ̀ fún wákàtí méjìlá, èyí tí yóò di awakọ̀, èyí tí yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún ọgbọ̀n ọdún.

Àwọn òbí kan, olùfọkànsìn ènìyàn, ti sọ fún wa pé Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò ka ìdárayá sí. Inú Ìwé Kìíní sí Tímótì, orí kẹrin, ni wọ́n ti mú un. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún orí náà kà pẹ̀lú sùúrù. Àpọ́sítélì náà ń fi èrè ìdárayá wé èrè ìwà-bí-Ọlọ́run, ó sì sọ èyí tí ó pẹ́ jù nínú méjèèjì. Kò sọ pé kí a pa èkejì tì. Ẹni tí ó ka eré sí ohun ẹ̀gàn kò ní fi eléré ìje àti akànṣẹ́ ṣe àpèjúwe ìgbésí ayé Kristẹni fún àwọn ará Kọ́ríńtì, àwọn tí eré Isthmus ń wáyé nítòsí ìlú wọn, tí wọ́n sì mọ ohun tí ó ń sọ. Wòlíì Èlíjà sáré ṣáájú kẹ̀kẹ́ Áhábù títí dé ẹnu ọ̀nà Jésréélì. Lúùkù kò sì sọ fún wa pé ọgbọ́n nìkan ni Jésù ń dàgbà nínú rẹ̀ ní Násárẹ́tì. Ó dárúkọ ìdàgbà ara pẹ̀lú. Èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti Sekaráyà, orí kẹjọ. Nígbà tí wòlíì náà ń ṣe àpèjúwe Jerúsálẹ́mù tí Olúwa yóò tún sọ di ọ̀tun, ohun méjì ni ó fi ṣe àmì rẹ̀: àwọn arúgbó tí ó jókòó pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, àti ìgboro tí ó kún fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré.

Ìtàn àwọn Kristẹni tí ó ṣáájú wa kò sì yàtọ̀. James Naismith, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn ní Montreal, ni ó dá bọ́ọ̀lù aláàgbọ̀n sílẹ̀ ní Springfield ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, nígbà tí ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ YMCA. Inú ẹgbẹ́ yẹn kan náà ni bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti jáde ní ọdún 1895. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì mọ ìtàn Eric Liddell, tí ó kọ̀ láti sáré ní ọjọ́ Ìsinmi ní Paris ní ọdún 1924, tí ó sì gba góòlù nínú 400 mítà. Ìdajì ìtàn náà ni a máa ń sọ lórí pẹpẹ. Ó padà lọ sí Ṣáínà gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì, ogun ká a mọ́bẹ̀, àwọn ará Jàpáànù kó o sí àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò sí òbí wọn lọ́dọ̀ wọn, níbẹ̀ ni ó ti ń ṣètò eré fún wọn títí ó fi kú ní oṣù Kejì ọdún 1945. Ọkùnrin tí ó ti rí góòlù rí kò ka eré ọmọdé sí ohun lásán.

Ní ilẹ̀ tiwa, láti ìgbà tí Freeman àti Townsend ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì kì í jìnnà síra wọn. Àwọn míṣọ́nnárì mú díríìlì wá. Àwọn àgbà wa yan ní máàṣì ní gbogbo ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún nítorí ọba Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di pé a ń yan ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà fún ọjọ́ àwọn ọmọdé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n a ní ohun kan láti wí. Díríìlì àwọn ọmọ ogun ni wọ́n kó wọ inú ọgbà. Wọ́n fi súwè, tẹ́ńtẹ́ń, ẹkùn mẹ́ran, bojúbojú àti ìjàkadì sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ọgbà, bí ẹni pé eré wọ̀nyí kò kọ́ni ní nǹkan kan. Àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ wo tẹ́ńtẹ́ń dáadáa: ọmọbìnrin méjì kojú síra, wọ́n ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju ẹsẹ̀ síwájú lójú kan náà, wọ́n ń ka iye ẹni tí ó jẹ. Ẹsẹ̀, etí, ojú àti ìṣirò ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Súwè ń kọ́ ọmọ ní ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan ju ohun èlò tí a rà láti òkè òkun lọ. Olùkọ́ ìdárayá tí a bá gbà gbọ́dọ̀ mọ àwọn eré wọ̀nyí, kí ó sì fi wọ́n sínú ètò rẹ̀, kí wọ́n tó parẹ́ pátápátá lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí kò yẹ kí a fi ṣẹ̀sín. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò fara pa. Yóò ṣubú, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wo ilé-ìwé tí kò ní pápá mọ̀ pé àwọn ọmọ kò dẹ́kun sísáré. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà àti orí sìmẹ́ǹtì láàrin kíláàsì méjì ni wọ́n ń sá a. Koríko sàn ju sìmẹ́ǹtì lọ fún orúnkún. Àwọn tí ọmọ wọn ní ẹ̀jẹ̀ SS, tàbí ikọ́ fée, ní ẹjọ́ tí ó tọ́: kí ilé-ìwé mọ orúkọ ọmọ náà, kí omi wà nítòsí, kí ọmọ sinmi nígbà tí ó bá fẹ́, kí oògùn tí ó ń fà sínú wà ní àrọ́wọ́tó olùkọ́, kí a má sì fi ìdíje fipá mú un. Ṣùgbọ́n kí a má tì í mọ́ kíláàsì nìkan. Bákan náà ni ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn agbérin orílẹ̀-èdè wa ti gba góòlù nínú eré Paralympics. Ẹni tí a bá fi sílẹ̀ lábẹ́ igi nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré kò ní mọ̀ láéláé ohun tí apá rẹ̀ lè ṣe. Ní ti aṣọ àwọn ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ náà kò le: ṣòkòtò tí ó gùn dé orúnkún àti ẹ̀wù tí ó balẹ̀ ti tó, iyàn rẹ̀ kò yẹ kí ó gbà wá ní ìpàdé mẹ́ta.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ilé-ìwé méjèèjì jáwọ́ nínú rẹ̀, yálà a kọ́ gbọ̀ngàn tàbí a kò kọ́ ọ. Èyí ni fífi ìdárayá jẹ ọmọ níyà. Ọmọ pẹ́ lẹ́yìn, ẹ ní kí ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ẹ ní kí ó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú oòrùn ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá máa bi ara yín pé kí ló dé tí ọmọ náà fi kórìíra eré ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. A kì í fi Bíbélì kíkà jẹ ọmọ níyà kí ó tún fẹ́ràn rẹ̀.

Kí wá ni a lè fi owó àjọ̀dún ṣe? Kí gbọ̀ngàn lọ sí ilẹ̀ oko ilé-ìwé. Bí owó kò bá tó parí rẹ̀ lọ́dún yìí, kí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí ẹgbẹ́ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa mú un dé òrùlé. Àwọn tí ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa kò parí rẹ̀ ní ọdún kan. Kí a yọ díẹ̀ nínú owó náà tún pápá ṣe: kí a dí kòtò tí ó wà ní igun apá ìsàlẹ̀, kí a la ojú omi, kí a gbin koríko, kí a gbin igi sí etí rẹ̀ fún ibòòji, kí a fa omi ẹ̀rọ dé ibẹ̀. Kí a sì ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta láti san owó oṣù olùkọ́ kan fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí NCE nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera, tí àwọn olùkọ́ kíláàsì yòókù yóò máa wò kọ́ṣẹ́. Òwúrọ̀ ni kí a fi iṣẹ́ rẹ̀ sí, láàrin aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí oòrùn tó mú. Kí a má ṣe fi sí òpin ọjọ́ Ẹtì níbi tí gbogbo ìpàdé olùkọ́ ti ń jẹ ẹ́.

A mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ kò ní hàn lára koríko bí ó ti ń hàn lára gbọ̀ngàn. Bí ìyẹn bá jẹ́ ìdíwọ́, a lè gbé pátákó kékeré kan sí abẹ́ igi máńgòrò.

Ìpàdé gbogboogbò ń bọ̀. Ohun méjì ni a bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n ṣe ṣáájú kí a tó dìbò. Èkíní, kí wọ́n mú ìṣirò owó ìpìlẹ̀ méjèèjì wá, ti orí pápá àti ti ilẹ̀ oko, kí gbogbo ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí iye tí ó wà láàrin wọn. Èkejì, kí wọ́n fi ìpàdé náà sí ọjọ́ iṣẹ́, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá, nítorí pé agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ni àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń jáde fún ìsinmi.